Ọ̀kadà àlòkù fún ẹni tí kò wà á rí: ẹ́ńjìnnì ni ká kọ́kọ́ wò, àbí férémù?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Tíṣà ni mí, obìnrin. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi lọ sí ilé-ìwé kan lẹ́yìn Ìsẹ́yìn, kìlómítà 14 sí ibi tí mò ń gbé, ìdajì ọ̀nà jẹ́ ọ̀dà, ìdajì tó kù jẹ́ ilẹ̀ pupa. Owó tí mò ń san fún ọlọ́kadà lójoojúmọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ owó oṣù mi tán, mo wá fẹ́ ra tèmi ní àlòkù. Mi ò wa ọ̀kadà rí, kẹ̀kẹ́ ológeere nìkan ni mo mọ̀ ọ́n gùn. Mẹ́ta ni wọ́n fi hàn mí: Bajaj Boxer 100 tí ọlọ́kadà kan ń tà, Boxer 150 tó mọ́ tónítóní tí wọ́n ní Èkó ló ti wá, àti Honda CG125 àtijọ́ ti bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ọkọ mi ní kí n ra 150, pé kí n rà á lẹ́ẹ̀kan kó tán. Mẹkáníìkì àdúgbò ní èyí tí wọn ò tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rí ni kí n mú. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

* * *

Àǹtí tíṣà, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí àwọn yòókù tó dé. Ẹ́ńjìnnì kọ́ ni nǹkan àkọ́wò lára ọ̀kadà àlòkù. Férémù ni, ìyẹn egungun irin tó gbé gbogbo ọ̀kadà dúró, ìwé rẹ̀ tẹ̀ lé e, ẹ́ńjìnnì ló ṣìkẹta. Ẹ́ńjìnnì Boxer tàbí ti CG tó ti rẹ̀, písítìn, ríìngì àti mẹkáníìkì tí ọwọ́ rẹ̀ dáa ló máa gbé e dìde, ẹ̀yà rẹ̀ sì wà lọ́jà Ìsẹ́yìn àti Ṣakí. Férémù tó ti tẹ̀ kò ní oògùn gidi. Wẹ́dà á fi iná sí i, á fi òòlù nà án, wọ́n á kùn ún, ojú ò sì ní rí nǹkan kan mọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá gùn ún lórí ilẹ̀ olókùúta ni ọwọ́ á máa gbọ̀n, tí yóò máa fà yín sí apá kan.

Ibi tó ti le fún ẹni tuntun gan-an nìyí: kò lè mọ èyí tó jẹ́ àìmọ̀ ọ́n wà tirẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ àbùkù ọ̀kadà. Ẹni tó ti wà á pẹ́, bó bá gun ọ̀kadà wíwọ́, á mọ̀ kí ó tó rìn jìnnà. Ẹni tó ń kọ́ á rò pé òun lòun ò mọ̀ ọ́n ṣe. Á máa fi agbára di ọwọ́ mú, ẹ̀rù á máa bà á, títí tó fi máa ṣubú. Nítorí náà, ọ̀kadà ẹni tuntun gbọ́dọ̀ tọ́ ju ti ọ̀gá lọ.

* * *

Ó ti tó márùn-ún nínú yín tó dáhùn pé mẹkáníìkì yẹn ló sọ òótọ́, pé ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá ti tú kò lè padà sí bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ọ̀kadà tó ti ṣiṣẹ́ èrò fún ọdún mẹ́rin, láti ìdájí dé alẹ́, tí ọlọ́jà rẹ̀ ń fi yangàn pé wọn ò tú u rí: ṣé kò rẹ̀ ẹ́ ni? Ó rẹ̀ ẹ́ gan-an. Ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ fún mi ni pé iye owó àtúnṣe tó yẹ kí ẹni tó ń tà á ti ná, èmi ni yóò wá ná an.

Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tú ní ọdún tó kọjá, tí wọ́n gbẹ́ inú sílíńdà rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó mọ iṣẹ́, tí wọ́n fi ríìngì tó dáa sí i, tí ọlọ́jà sì lè mú mi lọ bá mẹkáníìkì tó ṣe é, mo yàn án ju èyí tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn lọ. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ọlọ́jà kì í ṣe "Ṣé wọ́n ti tú u?" Ẹ bi í pé "Kí ló dé tí wọ́n fi tú u, ta ló tú u, kí ni wọ́n pààrọ̀?" Bó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láì ro ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ jókòó kí ẹ dúnàádúrà. Bó bá ń gé e jẹ, ẹ dìde.

Ibi tí mo ti gbà fún yín ni pé àtúntú ọwọ́ àwọn tó ń fi síhílì àti òòlù yọ bóòtù burú. Ojú bóòtù ara ẹ́ńjìnnì á fi hàn. Bí orí wọn bá ti rún, tí gọ́ọ̀mù pupa sì ń yọ lára ibi tí irin méjì ti pàdé, ọwọ́ tó tú u kò mọ́.

* * *

Ọ̀rọ̀ 150 yìí. Ẹ má bínú sí ọkọ yín o, ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, ọ̀pọ̀ ọkùnrin níbí náà sì ti sọ ohun kan náà: pé 100 á máa jà lórí òkè, pé ẹ ó tà á láàárín ọdún kan. Èmi ò gbà. Kìlómítà 14, ẹyọ èèyàn kan, báàgì ìwé kan. Ọ̀kadà 100 CC ń gbé èèyàn mẹ́ta pẹ̀lú àpò gbágùúdá láti oko wá sílé káàkiri Òkè-Ògùn. Kò sí òkè tó máa dí yín lọ́nà.

Boxer 150 wúwo ju 100 lọ, ó sì yá nílẹ̀ jù ú lọ. Ẹni tó ń kọ́ máa ń tú kílọ́ọ̀ṣì (irin ọwọ́ òsì tí a ń fún kí agbára ẹ́ńjìnnì má dé táyà ẹ̀yìn) sílẹ̀ lójijì. Lórí 100, ẹ́ńjìnnì á kú, ẹ ó tún un tẹ̀. Lórí 150, ó lè fò síwájú kí ẹ tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bó bá sì ṣubú lulẹ̀ lójú ọ̀nà ilé-ìwé tí kò sẹ́ni nítòsí, ẹ̀yin lẹ máa gbé e dìde. Kí ẹ tó sanwó fún èyíkéyìí, ẹ dá a dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ọlọ́jà, kí ẹ wá dá nìkan gbé e dìde. Bí ẹ ò bá lè gbé e, kì í ṣe tiyín.

* * *

Ẹni tó ní kí obìnrin má wa oní-kílọ́ọ̀ṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì abúlé ń wà á lójoojúmọ́. Ohun tó ṣe pàtàkì ni ẹsẹ̀: bí ẹ bá jókòó, ó kéré tán kí iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ yín méjèèjì kanlẹ̀ dáadáa. Ẹ wọ bàtà tí ẹ máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń dán an wò, ẹ má wọ èyí tó ga.

Bí ẹ bá rí Honda C70 tàbí C90 tó ṣì dáa, tí kò ní ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, tí èèyàn lè wọ yẹ́rì gùn, ẹ wò ó. Láti 1958 ni Honda ti ń ṣe irú rẹ̀, wọ́n sì ti ṣe ju mílíọ̀nù 100 lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó kù lọ́jà wa ti gbó, ẹ̀yà rẹ̀ kò sì wọ́pọ̀ bíi ti Boxer. Ẹ má torí rẹ̀ dá ìrìn-àjò sílẹ̀.

* * *

Ẹ jẹ́ ká wá kojú ọ̀kadà Èkó tó mọ́ tónítóní yẹn, torí òun ló ń kọ mí lóminú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Òfin ìrìnnà Èkó ti ọdún 2012 lé ọ̀kadà kúrò ní ọ̀nà 475. Ní oṣù kejì ọdún 2020 wọ́n tún dè é ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022 wọ́n dè é pátápátá níbẹ̀, oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn wọ́n fi mẹ́rin kún un: Kóṣọ̀fẹ́, Oṣòdì-Ìsọlọ̀, Muṣin àti Ṣómólú. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rí ọ̀kadà tó ṣì gbé nọ́ńbà Èkó lọ́rùn láwọn ọjà òkè níbí. Àwọn kan dáa, ẹni tó ni wọ́n kàn fẹ́ gba owó rẹ̀ padà ni. Ṣùgbọ́n ìṣòro ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń ní. Àkọ́kọ́ ni ìpẹtà: afẹ́fẹ́ òkun àti àgbàrá tó ń bo ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀ nígbà òjò. Ẹ wo abẹ́ jókòó, ẹ wo inú páìpù férémù nísàlẹ̀, ẹ wo inú táǹkì pẹ̀lú iná fóònù (kí ẹnikẹ́ni má ṣá iná ìṣáná síbẹ̀). Bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bá funfun bí omi ògì, omi ti wọlé. Èkejì ni ìwé, mo máa bọ̀ síbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìmọ́tótó yẹn fúnra rẹ̀. Ọ̀dà tuntun lára férémù àlòkù jẹ́ ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ìdí rẹ̀. Táǹkì lẹ̀ bá kùn, mo gbọ́. Kí ló dé tí ẹ kun ọrùn férémù?

Ará Kétu ti ilẹ̀ Benin tó kọ̀wé pé òun náà ní ọ̀kan láti tà, mi ò fẹ̀sùn kàn yín. Ṣùgbọ́n kí Àǹtí mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tó ń gba ọ̀nà Ìmẹ̀kọ àti Ìdìrókò wọlé ti ṣe fàyàwọ́ rí: kẹ́ẹ̀gì epo, àpò ìrẹsì, lóru, lọ́nà inú igbó. Ẹrù tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń fi ara hàn. Ẹ ó rí i pé wọ́n ti fi irin kún ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, tàbí kí ojú wẹ́dà wà níbi tí wọ́n ti so irin ẹrù mọ́ férémù tí wọ́n sì ti gé e kúrò. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè máa dún dáadáa. Férémù rẹ̀ ti jìyà.

* * *

Wọ́n ní kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń wo férémù, nítorí tíṣà ò ní ẹ̀rọ ìwọ̀n. Kò nílò ẹ̀rọ.

Ẹ gbé ọ̀kadà sórí sítáǹdì àárín níbi tó tẹ́jú. Ẹ lọ sẹ́yìn rẹ̀ ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́fà, ẹ lóṣòó, ẹ di ojú kan, kí ẹ wo bóyá táyà ẹ̀yìn bo ti iwájú mọ́lẹ̀ géérégé. Bí ti iwájú bá yọ sí apá kan, tí ọwọ́ rẹ̀ sì wà ní títọ́, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ sí i. Ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ wo ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì iwájú méjèèjì bóyá wọ́n dọ́gba. Ẹ wo abẹ́ táǹkì níbi tí ọrùn ti pàdé ara: ọ̀dà tó ti sán wẹ́wẹ́, tàbí ojú wẹ́dà tó ki, tí kò jọ ti ilé-iṣẹ́. Bó bá wà níbẹ̀, ẹ kí ọlọ́jà kú ọjà, kí ẹ máa lọ.

Ẹ yí ọwọ́ láti òsì sí ọ̀tún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nígbà tí táyà iwájú ò kanlẹ̀. Bó bá ń há díẹ̀ ní àárín, bọ́ọ̀lù ọrùn ti jẹ. Ìyẹn ṣe é pààrọ̀, ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ máa san. Ẹ di táyà ẹ̀yìn mú kí ẹ mì í sí ẹ̀gbẹ́. Bó bá ń dún ko-ko-ko, búṣì ti jẹ tàbí béárìn ti lọ. Ẹ fi sípánà kékeré kan sípóòkì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún bọ̀m dípò kó dún gan-in ti tú.

Mítà? Ẹ má gbà á gbọ́. Okùn rẹ̀ ti já lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà. Ẹ wo rọ́bà ìtẹ̀sẹ̀, rọ́bà ọwọ́ àti irin búréèkì ẹsẹ̀. Bí irin náà bá ti ń dán tí ó sì ti tẹ́ níbi tí bàtà ń kàn, ọ̀kadà ti rìn, ohun yòówù kí mítà sọ.

* * *

Ti ẹ́ńjìnnì. Ẹ sọ fún ọlọ́jà pé òwúrọ̀ lẹ máa wá, kí ó má tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó dé. Tí ẹ bá dé, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti lọ́wọ́ọ́rọ́, ó ti tẹ̀ ẹ́, ó sì nídìí. Ọ̀kadà tó rẹ̀ ń ṣòro í tẹ̀ ní tútù.

Ẹ wo ẹnu sáílẹ́ńsà. Ooru funfun díẹ̀ tó tètè pòórá ní òwúrọ̀, omi ni. Èéfín dúdú, epo ló pọ̀ jù, kábúrétọ̀ (ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́) ni wọ́n máa tún ṣe. Èyí tó ní àwọ̀ búlúù ni ẹ máa ṣọ́ra fún, torí ọ́ìlì ló ń jó. Bó bá jáde nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ tó sì dáwọ́ dúró, sílì fáàfù ló sábà máa ń jẹ́. Bó bá ń pọ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń fún un níná, ríìngì àti sílíńdà ni. Ẹ bi mẹkáníìkì ní iye tí yóò gbà, kí ẹ fi dúnàádúrà.

Jincheng àti Suzuki AX100 tí ọ́ìlì ń bá epo jó nínú wọn kò sí nínú àlàyé yìí o, èéfín ti wọn jẹ́ àdámọ́. Mi ò ní kí ẹni tuntun rà á. Bí ó bá gbàgbé ọ́ìlì lẹ́ẹ̀kan, písítìn á lẹ̀.

* * *

Ta ló máa bá ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wà dán an wò? Ọ̀rọ̀ yìí dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù lọ lánàá, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní kí ẹ mú mẹkáníìkì dání, àwọn kan ní mẹkáníìkì gan-an ni olè. Ẹjọ́ àwọn méjèèjì kò ṣòro í yanjú bí a bá wo ibi tí owó ti ń wá. Mẹkáníìkì tó mú yín lọ bá ọlọ́jà ti ní owó ẹ̀yìn tirẹ̀ níbẹ̀, bí ẹ bá rà á nìkan ló sì máa gbà á. Báwo ló ṣe máa sọ pé kò dáa?

Ẹ wá ẹlòmíràn, láti àdúgbò mìíràn. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ fún un ní owó iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un pé owó yìí pé, bí a rà á o, bí a ò rà á o. Ẹ ó rí i pé ojú rẹ̀ á là. Kí òun gùn ún lọ sórí ọ̀dà àti sórí ilẹ̀, kí ó fi í sí jíà tó ga, kí ó fún un níná. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké tí eré ò sì pọ̀ sí i, kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ. Kí ó bọ̀, kí ẹ béèrè ohun kan péré lọ́wọ́ rẹ̀: ṣé ó fà sí ẹ̀gbẹ́ kankan?

* * *

Ìwé. Ẹnì kan kọ ọ́ níbí pé "ẹ̀gbọ́n mi ló tà á fún mi, kí ni mo fẹ́ fi ìwé ṣe?" Oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ọmọ kó má ní ààlà. Ẹ gba rìsíìtì àkọ́kọ́, ìwé nọ́ńbà, àti ìwé títà tí ọlọ́jà bu ọwọ́ lù níwájú ẹlẹ́rìí, kí ẹ lọ yí orúkọ padà sí tiyín. Ẹ fi àkísà àti kẹrosíìnì nu ọrùn férémù, kí ẹ ka nọ́ńbà ibẹ̀ lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì sí ti inú ìwé, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ti ẹ́ńjìnnì. Àmì 17 ló máa ń jẹ́ lára férémù. Ti Bajaj tí wọ́n ṣe ní Íńdíà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú MD2, ti TVS pẹ̀lú MD6. Bí ìwé bá ní Bajaj tí férémù sì ń sọ nǹkan mìíràn, tàbí kí wọ́n ti fi fáìlì rẹ́ ibẹ̀, ẹ má dúró gbọ́ àlàyé. Ọlọ́pàá ò ní bi yín bí ẹ ṣe rà á ní pọ̀ǹtọ̀, ẹ̀yin ni wọ́n máa bá a lọ́wọ́ yín.

Ẹ má sì gbàgbé ìwé-àṣẹ ìwakọ̀ tiyín náà. Ẹgbẹ́ A ni ti alùpùpù.

* * *

Tíṣà padà wá

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti lọ wò wọ́n. Ti Èkó ní ojú wẹ́dà lábẹ́ táǹkì, a ò tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Boxer 100 ti ọlọ́kadà tọ́, ṣùgbọ́n èéfín búlúù ń jáde, ìwé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹni tó fún un ṣiṣẹ́ tí kò tíì san owó rẹ̀ tán fún. CG125 bàbá náà ti wà nílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ṣòro í tẹ̀, táyà rẹ̀ ti sán, ṣùgbọ́n ó tọ́, rìsíìtì àti ìwé rẹ̀ sì pé. Mẹkáníìkì tí mo sanwó fún ní òun fẹ́ ẹ. Ọkọ mi ní ó ti gbó jù.

* * *

Àǹtí, èmi náà fẹ́ ẹ. Honda gbé CG jáde ní ọdún 1976 fún àwọn ìlú tí ọ̀nà wọn burú tí wọn kì í sì í tètè ṣe sáfíìsì. Kò ní ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì tó máa ń fẹ̀ tó sì máa ń dún, ọ̀pá ló fi ń ṣí fáàfù. Àwọn ará Ṣáínà wo irú ẹ́ńjìnnì yẹn ṣe tiwọn lọ́pọ̀lọpọ̀, nítorí náà ẹ̀yà rẹ̀ kò ní wọ́n yín. Kí mẹkáníìkì sáà rí i dájú pé Honda gidi ni, kì í ṣe sítíkà Honda lára ọ̀kadà mìíràn.

Ìṣòro ìtẹ̀ yẹn, epo tó ti pẹ́ nínú kábúrétọ̀ ni mo fura sí jù. Kí wọ́n da epo táǹkì nù, kí wọ́n fọ kábúrétọ̀, kí wọ́n pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì àti ọ́ìlì, kí ẹ tó san owó tó kẹ́yìn. Táyà méjèèjì, ẹ pààrọ̀ wọn, ẹ má gbìyànjú láti lò ó títí oṣù á fi parí. Nígbà tí ẹ bá ń ra tuntun, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn DOT: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà tó ti pẹ́ lórí àtẹ náà máa ń gan. Okùn búréèkì, okùn kílọ́ọ̀ṣì, ṣéènì: ẹ fi wọ́n kún un. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí ẹ má ná gbogbo owó yín lórí ọ̀kadà. Ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Àṣíborí, tuntun ni kí ẹ rà, àlòkù kọ́. Èyí tó ti ṣubú rí, fọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ti wó, ojú ò sì lè rí i. Ní oṣù kìíní ọdún 2009 tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú èèyàn lórí rẹ̀, àwọn kan ń dé igbá, àwọn kan ń dé ike ọ̀dà. Títí di òní mo ṣì ń rí àwọn tó ń dé èyí tí ò ní okùn àgbọ̀n, kò sì yàtọ̀ sí igbá yẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, pápá ilé-ìwé lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ. Jíà kìíní àti ìkejì nìkan, kí ẹ máa kọ́ bí a ṣe ń dúró ju bí a ṣe ń sáré lọ. Ẹ gun apá ọ̀nà tó jẹ́ ilẹ̀ pupa nígbà tó gbẹ kí òjò tó dé, nítorí búréèkì iwájú lórí ẹrẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ mìíràn. Ẹ má gbé ẹnikẹ́ni sẹ́yìn títí oṣù mẹ́ta, ìbáà ṣe ọ̀gá ilé-ìwé ló ń bẹ̀ yín. Tí wọ́n bá ti fọ kábúrétọ̀ tán, ẹ kọ̀wé bó ṣe tẹ̀, tútù, lówùúrọ̀.